ÀLÀÁFÍÀ TÍ A KÒ FI KỌ́ ỌMỌ

Bíbélì kíkà: Éfésù 2:11–18

Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú yín nìyí: bí ìlú tó ti pín sí méjì bá parí ìjà, ǹjẹ́ rògbòdìyàn òṣèlú lè dá ìjà náà padà? Ẹ jẹ́ kí a wo Àríwá Áílándì, tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, níbi tí Kristẹni ti bá Kristẹni jà.

1. Ìjà náà
Púpọ̀ nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ fẹ́ wà lábẹ́ Ìlú Ọba títí. Púpọ̀ nínú àwọn Kátólíìkì sì fẹ́ kí gbogbo Áílándì di ọ̀kan. Àwọn Kátólíìkì tún ń ké pé a ń rẹ́ àwọn jẹ nínú iṣẹ́, ilé àti ìbò. Láti òpin àwọn ọdún 1960 títí di 1998, ẹ̀mí tó lé ní 3,500 ló bá ìjà náà lọ. Ní Belfast, wọ́n mọ odi gíga sáàárín àdúgbò, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn odi náà bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní oṣù kẹjọ 1976, àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò sá lọ. Mọ́tò náà ya lu ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà sì kú. Mairead Corrigan, ọmọ ìyá obìnrin náà, àti Betty Williams kó àwọn obìnrin ìhà méjèèjì jáde láti wọ́de fún àlàáfíà. Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà ti ọdún 1976 ni a fi dá wọn lọ́lá.

2. Àdéhùn náà
Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1998, wọ́n fẹnu kò. Nígbà tí aráàlú dìbò lé e, ènìyàn 71 nínú 100 ló gbà á. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìlú Ọba, tàbí ọmọ Áílándì, tàbí méjèèjì. Ìhà méjèèjì ni yóò jọ ṣe ìjọba. Ní 2005, nígbà tí àwọn jagunjagun IRA pa ohun ìjà wọn run, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kan, Harold Good, àti àlùfáà Kátólíìkì kan, Alec Reid, ni wọ́n jọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ò rí i pé ìjọ wa ní ọwọ́ nínú rẹ̀!

3. Rògbòdìyàn òṣèlú
Ní oṣù kẹfà 2016, Ìlú Ọba dìbò pé òun yóò kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní Àríwá Áílándì, nǹkan bí 56 nínú 100 ló ní kí a má kúrò. Ìṣòro dé. Bí a bá dá aṣọ́bodè padà sí ààlà orí ilẹ̀, yóò dun àwọn tó ka ara wọn sí ọmọ Áílándì. Nítorí náà, láti 2021, a bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹrù tó ń ti Bìrìtéènì gba orí òkun wọlé wò. Èyí sì dun àwọn ìhà kejì, wọ́n ní a ti gé àwọn kúrò lára àwọn ènìyàn àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìbínú yìí àti ọ̀ràn mìíràn gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Belfast. Wọ́n sun bọ́ọ̀sì, wọ́n ju òkúta àti iná kọjá odi. Ní 2022, ẹgbẹ́ òṣèlú kan fa ọwọ́ kúrò nínú ìjọba àjùmọ̀ṣe. Oṣù kejì 2024 ni ìjọba náà tó tún jókòó.

4. Kí ni ìdáhùn wa?
Rògbòdìyàn lè mi àlàáfíà, ó sì mì í. Ṣùgbọ́n ogun kò padà. Àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò dúró sáàárín, wọ́n ń dá àwọn ọ̀dọ́ padà sílé.

Síbẹ̀, ohun kan ń dun àwa tí a ti fi ọjọ́ ayé wa kọ́ ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ju òkúta wọ̀nyẹn ni a kò tíì bí ní 1998. Wọn kò rí ogun náà rí. Ta ló kọ́ wọn? Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni kì í jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà, odi sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn baba wa ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òṣèlú ni aláǹgbá náà. Àìmọra-ẹni àwọn ọmọ ni ẹnu tí ògiri là.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí ààrò nípa ará àdúgbò kejì, etí ọmọ ń gbọ́ ọ. Ìjà tí a ti parí níta, ẹ má jẹ́ kí a máa bá a lọ nínú ilé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ló mú kí àdéhùn 1998 ṣe é gbà fún ìhà méjèèjì?
2. Ìjà àtijọ́ wo ni a ṣì ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa? Báwo ni a ṣe ń ròyìn rẹ̀?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ọmọ wa àti ọmọ ẹni tí a ti bá jà rí lè mọ ara wọn?

Àdúrà: Olúwa, wó odi tó wà lọ́kàn wa kí àwọn ọmọ wa má baà jogún rẹ̀. Àmín.