Alága Tí Kì í Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Nígbà tí a bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wò, kì í ṣe ìwé owó nìkan ni a ń kà. A ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó máa ń kọ wá lóminú níbẹ̀ ni kí a rí "Gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan" láti ìpàdé dé ìpàdé, láìsí ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ẹ̀yáwó ńlá. Ìrẹ́pọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún wa láti gbà pé ènìyàn méje kò ní èrò méjì láàárín ọdún kan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì lówó lọ́wọ́, ni a sábà ń fi ṣe alága. Bí ó bá ti ṣí ìpàdé tán tí ó ní, "Lójú tèmi, kí a yá Bàbá Lágbájá lówó yìí," ta ni yóò sọ pé rárá? A kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba. Akápò tí ó mọ̀ pé gbèsè àtijọ́ ṣì wà lọ́rùn bàbá náà yóò máa wo ilẹ̀. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí tirẹ̀, tí ó mọ̀ pé ọjà ti tán nínú ìsọ̀ náà, yóò dákẹ́. Bí owó náà kò bá padà wá mọ́, owó ìfowópamọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni ó bá a lọ, títí kan ti àwọn tí kò sí ní ìpàdé.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó jù wá lọ. Ní oṣù kẹrin 1961, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ rán nǹkan bí 1,400 ọmọ Kúbà tí wọ́n ti sá nílé padà lọ gba ìjọba lọ́wọ́ Castro. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì kó èyí tí ó lé ní 1,100 nígbèkùn. Arthur Schlesinger, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn, ti kọ̀wé sí Ààrẹ pé ètò náà kò dára, ṣùgbọ́n ó panu mọ́ nínú ìpàdé. Ó kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Kúbà dé ní oṣù kẹwàá 1962, Kennedy yí ọwọ́ padà: nígbà mìíràn, ó máa ń yẹra fún ìpàdé kí àwọn yòókù lè sọ tinú wọn.

A kò ní kí alága jáde síta o. Ẹlòmíràn lè padà dé kí ó má bá àga rẹ̀ mọ́! Kí ó sáà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí ó sì sọ ìdí. Èló ni ẹni yìí ti fi pamọ́? Ǹjẹ́ onídùúró rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò jẹ gbèsè? Ìgbà wo ni owó yóò wọlé fún un? Àgbẹ̀ kòkó tí a ní kó máa san owó lóṣooṣù, kí ni yóò fi san án nígbà tí kòkó kò sí lórí igi?

Ó tún dára kí a yan ẹnì kan ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí. Kí ipò náà máa yí ká, kí a má baà pe ẹnì kan ní ọ̀tá. Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tí kò fara mọ́ ìpinnu, àti ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá tún dé, ojú ewé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ṣí.