Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ìkìlọ̀ Ké: Ẹ̀kọ́ Lórí Èéfín àti Afẹ́fẹ́ Olóró Nínú Ilé

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ohun tí èéfín àti afẹ́fẹ́ olóró ń ṣe nínú ilé, kí a mọ bí a ti ń lo ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ nípa wọn, kí a sì fi í kọ́ àwọn ará ilé wa.

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe ti oúnjẹ sísè, kì í sì í ṣe ti ọṣẹ ṣíṣe. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ó ń pa ènìyàn lójú oorun, tí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÁÀRIN WA

Ọ̀kan nínú wa gbà wá láàyè láti sọ ìtàn yìí, bí a kò tilẹ̀ ní dárúkọ rẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni orí ń fọ́ ọ ní àràárọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì náà ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn, èyí àbúrò sì ń bì. Bí wọ́n bá ti jáde nílé, tí ó bá fi máa di ọ̀sán, ara wọn á ti balẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà ni, wọ́n sì fún wọn ní oògùn ibà. Ẹnì kan ní àdúgbò ní kì í ṣe ojú lásán, ó ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọkùnrin ilé náà wọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń gbé sí abẹ́ fèrèsé wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá dìde láti lọ tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó fi àyà fà dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kígbe. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n gbé àwọn ọmọ jáde. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí wọ́n ń gbààwẹ̀ sí lọ́sàn-án, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń bu epo fún un ní alaalẹ́.

KÍ NI AFẸ́FẸ́ OLÓRÓ YÌÍ?

Orúkọ tí ẹ ó rí lára páálí ẹ̀rọ rẹ̀ ni carbon monoxide, tàbí CO. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Ó máa ń jáde nígbà tí epo bẹntiróòlù, epo kẹrosíìnì, gáàsì, igi tàbí èédú bá ń jó tí afẹ́fẹ́ tí ó ń rí kò tó. Èéfín a máa mú kí ojú ta ènìyàn, a sì máa mú ikọ́ wá, nítorí náà a lè sá fún un. Ṣùgbọ́n èyí kì í ta ènìyàn lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí èédú inú àdògán bá ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, a lè gbé e wọ yàrá fún ìyá ọmọ tuntun nígbà ọyẹ́. Èédú pípọ́n náà gan-an ń tú oró yìí jáde gidigidi.

Bí a bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ. Ohun tí ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara nínú ẹ̀jẹ̀ wa a máa di oró yìí mú ju bí ó ti ń di ọ́síjìn mú lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ó dà bí àlejò tí ó gba àga mọ́ onílé lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ dìde mọ́. Ọpọlọ àti ọkàn ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Orí á máa fọ́ ènìyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ara rẹ̀ á rọ, iyè rẹ̀ á dàrú, títí tí yóò fi dákú. Ẹni tí ó bá ti sùn tẹ́lẹ̀ lè má jí mọ́. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún aboyún àti ọmọ inú rẹ̀, fún ọmọ ọwọ́, fún àgbàlagbà, àti fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ibà?

(a) Ó máa ń mú ju ẹyọ ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà.
(b) Ara á máa yá bí a bá jáde, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ bí a bá padà wọlé.
(d) Kì í sábà mú kí ara gbóná.
(e) Ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí àdògán bá ń ṣiṣẹ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

ẸYẸ ÀWỌN AWAKÙSÀ

Ní àwọn ọdún 1890, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Scott Haldane dá a lábàá pé kí àwọn tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ máa mú ẹ̀dá kékeré lọ́wọ́, irú bí ẹyẹ kékeré inú àgò. Ẹ̀mí ẹyẹ náà kì í pẹ́ mọ oró yìí. Bí ẹyẹ bá ṣubú lórí igi rẹ̀, àwọn awakùsà mọ̀ pé ó yá láti sá jáde. Ó di ọdún 1986 kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹyẹ náà. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ẹyẹ tiwa.

Ẹ̀RỌ MẸ́TA, IṢẸ́ MẸ́TA

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà tan yín jẹ. Ẹ̀rọ tí ó ń mọ èéfín kò mọ afẹ́fẹ́ olóró. Ẹ̀rọ tí ó ń mọ afẹ́fẹ́ olóró kò mọ gáàsì ìdáná tí ó ń jò láti inú sílíńdà. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ti gáàsì, ìsàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ ni a sì ń gbé e sí, nítorí gáàsì ìdáná tí à ń rà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n pa iṣẹ́ méjì pọ̀, ara páálí wọn ni a ó ti kà á. Bí ẹ bá ń ra ti afẹ́fẹ́ olóró, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ EN 50291 tàbí UL 2034 sí i lára. Ti èéfín ni EN 14604 tàbí UL 217. Ẹ ra èyí tí ó ń lo bátìrì, nítorí èyí tí ó gbójú lé iná mànàmáná nìkan yóò dákẹ́ nígbà tí iná bá lọ, ìgbà náà sì ni a ń tan jẹnẹrétọ̀.

IBI TÍ A Ó GBÉ E SÍ ÀTI BÍ A Ó ṢE TỌ́JÚ RẸ̀

1. Èéfín a máa gòkè, nítorí náà òkè àjà ni a ń kan ẹ̀rọ èéfín mọ́. Ó dára kí ọ̀kan wà nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta wọn. Bí ó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ti ìsàlẹ̀ wà, kí ti òkè wà. Bí agbára kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó súnmọ́ ibi tí ẹ ń sùn.

2. Kí ó jìnnà sí ibi ìdáná tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ata dídín má baà máa dà á láàmú.

3. Afẹ́fẹ́ olóró a máa pò mọ́ afẹ́fẹ́ yòókù, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lókè àjà. Ẹ gbé e sí ibi tí igbe rẹ̀ yóò ti jí yín, bí ìwé rẹ̀ bá ti wí. Ẹ má fi í pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

4. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ kí ẹ gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ, kí wọ́n mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹ nu eruku ara rẹ̀.

5. Ẹ máa pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún, àfi èyí tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pa. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a máa gbó: ti èéfín kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ, ti afẹ́fẹ́ olóró sì máa ń wà láàrin ọdún 5 sí 10. Ọjọ́ tí yóò parí wà lẹ́yìn rẹ̀.

6. Bí ó bá ń ké ṣín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi ìṣẹ́jú kan sí ara wọn, bátìrì ni ebi ń pa, tàbí ẹ̀rọ ti gbó. Igbe ewu yàtọ̀: lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti èéfín a máa ké mẹ́ta-mẹ́ta, ti afẹ́fẹ́ olóró a máa ké mẹ́rin-mẹ́rin.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, èé ṣe tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ olóró kì í ké lójú ẹsẹ̀? Bí oró bá ti pọ̀ tó ni ó ń yára sí. Nínú afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, bí oró bá jẹ́ ìdá 50, èyí tí ó bá òfin EN 50291 mu yóò ké láàrin ìṣẹ́jú 60 sí 90. Bí ó bá jẹ́ 100, láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 40. Bí ó bá tó 300, kò ní ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kò bá tíì ké ṣùgbọ́n tí orí ń fọ́ gbogbo ilé, ẹ má dúró dè é.

FÚN Ẹ̀YIN ÌYÁ TÍ Ẹ Ń LỌ TỌ́JÚ ỌMỌ LÓKÈ ÒKUN

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti dá. A dé ilé ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, a gbé ata kaná, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ké, ojú tì wá, a gun àga, a yọ bátìrì rẹ̀ tàbí a fi ọ̀rá wé e lórí. A padà sílé wá, a sì gbàgbé láti sọ fún ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ilé tí a lọ tọ́jú ọmọ tuntun ni a fi sílẹ̀ láìní olùṣọ́ yẹn! Bí ata bá mú un ké, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹ tan fáànù tí ń fa èéfín, tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ó ń dá a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má yọ bátìrì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin ní kí onílé tí ó fi ilé háyà ṣe ẹ̀rọ èéfín sí òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ènìyàn ń gbé, kí ó ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ olóró sí yàrá tí ohun tí ń jó epo tàbí gáàsì bá wà, yàtọ̀ sí sítóòfù gáàsì. Bí ayálégbé bá sọ pé ó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe tijú láti béèrè.

Ẹ̀RỌ KÌ Í ṢE ÌWÉ ÀṢẸ

Níní ẹ̀rọ kò fún wa láyè láti máa tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe bákónì, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Kì í sì í ṣe fèrèsé tiwa nìkan. Fèrèsé aládùúgbò náà ń fa afẹ́fẹ́. Bí àyè kò bá tó, ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Ooru òru kan kò tó ohun tí à ń kú fún.

BÍ Ẹ̀RỌ BÁ KÉ

Ẹ jí gbogbo ilé, ẹ jáde, ẹ ka ara yín níta. Bí èéfín bá wà, ẹ rá ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má padà wọlé nítorí aṣọ tàbí ìwé ẹ̀rí. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè ní Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911.

Bí ó bá jẹ́ gáàsì ìdáná ni ó ń jò, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á. Ẹ ti ẹnu sílíńdà bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde.

Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹni tí ó dákú lẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oró yìí wà, kì í ṣe inú ikùn. Epo náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á. Afẹ́fẹ́ níta ni oògùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ kedere pé èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú ni, nítorí ọ́síjìn ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ, ibà ni wọ́n lè máa wò.

Nínú òfin tí Mósè fún Ísírẹ́lì, ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já láti ibẹ̀ kú. Ẹ lè kà á nínú Deuteronomi 22:8. A kò pe odi náà ní àìnígbàgbọ́. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ni odi òrùlé tiwa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Níbo ni a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ní ilé wa? Fèrèsé ta ni ó kọjú sí?
2. Àmì wo ni yóò mú wa fura pé kì í ṣe ibà?
3. Bí ilẹ̀kùn iwájú kò bá ṣeé gbà lóru, ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ yóò gbà jáde?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó jọ bí a ti ń dá àjọ, kí a fi ra ẹ̀rọ fún àwọn opó àti àwọn aboyún wa ṣáájú. Kí olúkúlùkù wa sì wo ilé rẹ̀ lálẹ́ òní kí ó tó sùn. Àwa náà ti wo tiwa, a sì ti gbé jẹnẹrétọ̀ kan kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Kí Olúwa máa jí wa láyọ̀. Àmín.