Ẹ Ṣírò Kòtò Kẹ́ Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìtagúnmodì, Ìgún àti Ìpẹ̀rìndó, kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ẹ ṣírò owó kòtò náà tán: epo pọ́ọ̀ǹpù, oúnjẹ òṣìṣẹ́, igi tẹ́ ẹ máa fi gbé ògiri ró, àti owó tẹ́ ẹ máa fi dí i padà. Bí wúrà ibẹ̀ kò bá lè san gbogbo rẹ̀, kòtò yẹn ò lérè. Ẹni tó yọ owó igi àti owó dídí kúrò nínú ìṣirò, tó wá ń pe ìyókù ní èrè, owó ẹlòmíì ló ń ná: ti ọmọ iṣẹ́, ti olóko kòkó, ti ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò.

Ẹ má sọ fún mi pé ilẹ̀ ibí le. Ilẹ̀ tó le lánàá lè dẹ̀ lẹ́yìn òjò òru kan. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó mọ ilẹ̀ jù rìn yí ẹnu kòtò ká. Bó bá rí i pé ilẹ̀ ti sán létí ibẹ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má kó erùpẹ̀ jọ sétí kòtò, ìwúwo rẹ̀ ló ń ti ògiri ya. Ẹ gé ògiri bí àtẹ̀gùn, kí òkè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má sì tọ ipa wúrà wọ abẹ́ ògiri láé. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń mu epo, òkè ni kó wà, torí gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn.

Ọ̀rọ̀ mákúrì ló ń dùn mí jù. Wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn dúdú kó lè gbá wúrà inú rẹ̀ mọ́ra, wọ́n á fi aṣọ fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á wá gbé kókó funfun tó kù lé iná, nígbà mìíràn níbi tí ìyàwó ti ń dáná ọbẹ̀. Oru tó gbéra níbẹ̀, ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń bá jà. Èyí tó bọ́ sódò ń wọ ara ẹja. Wúrà tó bá jẹ́ hóró, páànù àti sùúrù tó láti yọ ọ́ láìsí mákúrì. Ẹni tí kò bá tíì lè fi mákúrì sílẹ̀, kó lo ìkòkò irin onídèérí tí ọ̀pá rẹ̀ gba inú omi tútù kọjá, níta gbangba. Oru yẹn á padà di olómi, á sì ṣeé tún lò. Owó yín lẹ ti ń sun látọjọ́ yìí.

Òkúta wúrà kò gbọdọ̀ wọlé, aṣọ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, torí òjé wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé.

Omi tẹ́ ẹ fi fọ yanrìn, ẹ gbẹ́ ìhò mẹ́ta tó tẹ̀ léra fún un, kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tún omi náà lò. Torí ìdọ̀tí ìwakùsà tó ń bọ́ sódò, lọ́dún 2022, ìjọba Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fáwọn ènìyàn kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun mọ́. Omi tí wọ́n ń bu mu lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ni!

Mo mọ̀ pé olówó tó yá yín lówó iṣẹ́ ló ń lé yín léré. Ẹ bá a sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i: owó igi àti owó dídí kòtò la ó kọ́kọ́ yọ kí a tó pín. Bó bá kọ̀, ẹ wá olówó mìíràn.