Imú Tí Ọlọ́hun Dá Mọ́ Wa: Ìdájọ́ Iṣẹ́ Abẹ Lórí Imú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Ó ya àwòrán wa nínú ìyá wa bí Ó ti fẹ́. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìbéèrè ni ó bí ẹ̀kọ́ tòní. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàrin wa, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kí imú rẹ̀ lè kéré, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fífẹ̀ ihò imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ̀ ní haráámù ni. Ọmọ ní ṣebí wọ́n ń tún ojú ẹni tí ó ṣèṣe ṣe ní UCH Ìbàdàn, kí ló dé tí tòun fi di ẹ̀ṣẹ̀? Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìgbọràn. Ó yẹ kí á dá a lóhùn pẹ̀lú ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sàhábà kan, Arfajah ọmọ As'ad. Kí Ìsìláàmù tó dé ni ó ti pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun Kulāb. Ó fi fàdákà ṣe imú mìíràn, ṣùgbọ́n imú fàdákà náà ń rùn mọ́ ọn lára. Ànábì wa sì pa á láṣẹ pé kí ó fi wúrà ṣe é. Abū Dāwūd àti Tirmidhī wà lára àwọn tí wọ́n gba hádíìsì náà wá. Ẹ kíyè sí i: wúrà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, òun gan-an ni Ànábì yọ̀ǹda nítorí imú. Ẹni tí ó bá ń wàásù pé títún imú ṣe kò tọ́ rárá kò tíì kàwé dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà. Nínú hádíìsì tí Ibn Mas'ūd gbà wá, ègún wà lórí ẹni tí ó ń fín ara àti ẹni tí ó ń pa eyín láàlà nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ọ̀rọ̀ náà ‘nítorí ẹwà’ ni àwọn onímọ̀ dì mú. Ní oṣù Keje ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó ní Putrajaya ní ilẹ̀ Malaysia, wọ́n sì ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: ètè tí ó là láti inú oyún, imú tí ó wọ́ gidigidi, ojú tí iná tàbí ìjàǹbá bà jẹ́, ó tọ́ kí á tún wọn ṣe, imú tí ó pé, tí kò ní àbùkù, tí ènìyàn kàn fẹ́ kí ó jọ ti ẹlòmíràn, kò tọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àìní jẹ́, kí ó rántí ilé ìwòsàn noma tí ó wà ní Sókótó láti ọdún 1999. Àrùn noma a bẹ̀rẹ̀ bí egbò lára èrìgì ọmọdé tí kò jẹun kánú, láàrin ọjọ́ díẹ̀ a sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti imú. Abẹ tí ó bá dá imú padà sójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àánú ni.

Nísinsìnyí, kí ni wọ́n ń ṣe sí imú gan-an? Dókítà lè la inú ihò imú nìkan, tí àpá kò ní hàn síta. Ó sì lè la awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàrin ihò méjèèjì pẹ̀lú, kí ó lè ká awọ imú sókè kí ó sì rí inú rẹ̀ kedere. Egungun tí ó wọ́, wọn a dá a kí wọ́n tó tò ó. Imú tí ó tẹ́, wọn a bu egungun rírọ̀ láti ara etí tàbí ìhà láti fi gbé e sókè. Ní ti ihò tí ó fẹ̀, wọn a gé díẹ̀ nídìí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ ni kí àwa aláwọ̀ dúdú ti ṣọ́ra, nítorí àpá wa a máa wú kọjá ojú ọgbẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tí irú rẹ̀ ti yọ sí létí nígbà tí ó lu etí kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún dókítà. Wíwú imú lè tó ọdún kan kí ó tó lọ tán. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń polówó abẹ́rẹ́ tí ń gbé imú sókè láìsí abẹ. Bí oògùn náà bá ṣìnà wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Kí á má sì rò pé owó ń lé ewu lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005 ni Stella Obasanjo, ìyàwó Ààrẹ wa nígbà náà, kú ní ilẹ̀ Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fún ẹwà. Ọ̀rá ara ni wọ́n fà, kì í ṣe imú, ṣùgbọ́n ewu abẹ kan náà ni.

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé àsìkò yìí ni a ń bi irú ìbéèrè yìí. Àwọn bàbá wa ní Ìbàràpá gba abẹ olóólà sójú, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ abẹ kan ni, a tún ń fi owó wá òmíràn. Ní Igbó-Ọrà tí a mọ̀ sí ìlú ìbejì, bí Táyé bá gé imú tirẹ̀, ta ni Kẹ́hìndé yóò jọ?

Ìdáhùn wa fún ọmọ wa nìyí: bí ó bá jẹ́ pé ó ń mí pẹ̀lú ìnira, tàbí imú rẹ̀ wọ́ láti inú ìpalára, kí ó lọ rí dókítà onímú ní UCH, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ nìkan ni, imú rẹ̀ kò ní àrùn. Kí ó fi owó àjọ rẹ̀ ṣòwò. Kí ìyá rẹ̀ náà dẹ́kun láti máa pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí ọmọ náà béèrè kí ó tó ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń fi imú ọmọlọ́mọ ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn wọn, nítorí Súratul Hujurāt ti kọ yẹ̀yẹ́ fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrun. Ẹni tí wọ́n bá di imú rẹ̀, tí omi kò gbọdọ̀ kàn án, kí ó fọ ibi tí ó kù lójú rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ tútù pa orí ìdè náà. Fífa omi símú jẹ́ súnà lójú ọ̀nà Imam Mālik tí a ń tẹ̀lé, nítorí náà àlùwàlá rẹ̀ pé láìsí i. Ní ti ìforíkanlẹ̀, iwájú orí ni ọ̀ranyàn. Bí kò bá lè fi imú kan ilẹ̀, kí ó fi iwájú orí nìkan kàn án. Bí dókítà bá sì ní kí ó má tẹrí ba rárá kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà, kí ó jókòó, kí ó fi orí ṣe àpèjúwe níwọ̀n tí kò ní pa á lára, títí ara yóò fi yá.