Bí A Bá Tú Ẹ́ńjìnnì, Kí Ni Kí Á Pààrọ̀?

Bí páànù òrùlé bá ń jò, a ó ṣí i láti fi tuntun sí i. Bí a bá rí i pé ikán ti jẹ igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ a ó kan páànù tuntun mọ́ igi náà? Rárá o! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò rí.

Ká ní ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì, ó sì ń rú èéfín. Mẹkáníìkì ní ríìngì ti jẹ, a ó tú u palẹ̀. Owó iṣẹ́ títú àti títò kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, kí á tó lọ sí ọjà páàtì, ẹ jẹ́ kí á bèèrè nǹkan mẹ́ta.

1. Ṣé inú lọ́hùn-ún ni páàtì náà wà? Ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jò lẹ́yìn ìgbà tí a ti tò ó tán, a ó tún sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Gásíkẹ́ẹ̀tì tópì tí a ti ṣí, ẹ má ṣe dá a padà.

2. Bí ó bá bàjẹ́, ṣé yóò ba òmíràn jẹ́? Bí wọ́tà pọ́ǹpù bá ń jò, omi yóò tán, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, tópì lè wọ́. Owó pọ́ǹpù dà, owó tópì dà?

3. Kí ni ìwọ̀n wí? Ojú lásán kò tó. Kí wọ́n fi irin ìwọ̀n wọn kíráǹkì àti sílíńdà. Bí wọ́n bá fá kíráǹkì ní 0.25 mm, béárìn 0.25 ni kí á rà. Bí sílíńdà bá ti jẹ, ríìngì tuntun nìkan kò ní dá ọ́ìlì mímu dúró. Bí ìwọ̀n bá sì dára, kí la fẹ́ fi tuntun ṣe?

Kíkì sítátà ńkọ́? Ìta ni ó wà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kọṣẹ́ ni ẹ ó tú òun nìkan.

Ẹ kọ orúkọ páàtì kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kó àwọn ògbólógbòó tí ó yọ fún yín. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì nígbà tí a bá tú ẹ́ńjìnnì?
2. Páàtì wo ni a lè fi sílẹ̀? Nítorí kí ni?