Àdín Àgbọn Dára fún Awọ àti Irun, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Oògùn Làpálàpá

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni ètè ti ń là, tí ẹsẹ̀ sì ń funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó gba inú eérú kọjá. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé àdín àgbọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà yín dá lé lórí. Àwọn kan ń bèèrè bí a ti ń ṣe é. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mú irun hù. Ìyá kan sì kọ̀wé pé oṣù kẹta rèé tí òun ti ń fi í pa orí ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí làpálàpá. Ó ní bí ojú kan bá ti ń jọ pé ó san, òmíràn a tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó ká mi lára jù. N óò dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àdín lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

IṢẸ́ ÀDÍN LÁRA WA

Omi wà nínú awọ ara wa. Òun ni ó ń mú kí awọ rọ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi yìí lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fa omi ara aṣọ tí a sá. Àdín kò bu omi sí ara. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà, kí omi tí ó wà níbẹ̀ má baà sá lọ. Bí ọmọrí ìkòkò ni ó rí. Bí ìkòkò bá sì ṣófo, kí ni ọmọrí fẹ́ dá dúró? Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi àdín pa awọ gbígbẹ fi ń dán lásán, tí ara rẹ̀ a sì tún gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nítorí náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó gbóná. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi aṣọ ìnura tẹ ara díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún gbẹ tán. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kọjá, ẹ da àdín díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, kí ẹ sì fi pa ara. Díẹ̀ tó, èyí tí ó bá ń kán sí aṣọ ti pọ̀ jù.

Ẹni tí kò bá lò ó rí, kí ó kọ́kọ́ fi kíún pa inú apá, kí ó sì dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá ń yún ún tàbí tí ó sú, kí ó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń yọ irorẹ́ kò gbọdọ̀ fi pa ojú, nítorí pé ó lè dí ihò awọ. Ẹ má sì ṣe fi í ṣe ààbò lọ́wọ́ oòrùn, pàápàá fún àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ àfín. Aṣọ gígùn, fìlà onígbátí, àti ìpara tí a ṣe fún oòrùn ni tiwọn.

BÍ A TI Ń ṢE É NÍLÉ

Ẹni tí ó bá rí àgbọn tí ó gbó rà kò níláti wá àdín inú ìgò olówó gọbọi. Ẹ fọ́ àgbọn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èèpo, kí ẹ sì rin ín bí ẹni ń rin ilá. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ fún un dáadáa, ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi funfun náà kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ yóò léfòó. Èyí tí ó léfòó yìí ni kí ẹ gbọ́n sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le, kí ẹ sì máa rò ó títí omi yóò fi gbẹ, tí òróró yóò mọ́ kedere, tí èyí tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ yóò sì pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú ìgò tí ó gbẹ pátápátá. Omi díẹ̀ tí ó bá kù sínú rẹ̀ ni ó ń mú kí ó kan.

Bí ẹ bá jí lówùúrọ̀ ọyẹ́ tí ẹ bá a tí ó dì, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Bí ooru bá ti dín sí ìwọ̀n 24 ti Celsius, dídì ni í máa ń dì. Ẹ fi ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná, yóò yọ́.

TI IRUN ŃKỌ́?

Orí wa a máa sun òróró tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun wa ká kókó, òróró náà kì í sì í tètè dé ìdí irun títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ṣóńṣó irun fi ń gbẹ tí ó sì ń já. Níbí yìí àdín wúlò gan-an. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Íńdíà tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí a ń rí lára epo rọ̀bì. Òróró àgbọn nìkan ni ó dín bí irun ti ń pàdánù èròjà protein rẹ̀ kù, nítorí pé ó lè wọ inú fọ́nrán irun lọ. Ẹ fi pa irun ní alẹ́ tí ọjọ́ kejì rẹ̀ ẹ ó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ tó púpọ̀ jù sí ṣóńṣó.

Ṣùgbọ́n kò lè mú irun hù níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti kú. Ìyá tí irun iwájú orí rẹ̀ ń ṣí nítorí dídì tí ó fún jù, kí ó sọ fún onídìrí kí ó dẹ ọwọ́. Ẹni tí ohun funfun bí ìpẹ́pẹ́ sì ń já láti orí rẹ̀ sí èjìká, kí ó dín òróró kù. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé orí wa ni ó ń fa èyí, òróró sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọrí tí ó ní ketoconazole, tí a ń rà lọ́dọ̀ apòògùn, ni ó tọ́ sí i.

LÀPÁLÀPÁ ORÍ ỌMỌ

Ìyá wa tí ó kọ̀wé, ẹ gbọ́ o. Làpálàpá orí kì í ṣe ti òkè awọ nìkan. Olú kékeré tí ojú kò lè rí ni ó ń fà á, ó sì ti wọ inú fọ́nrán irun àti gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fi pa òkè kò lè bá a níbẹ̀. Ohun tí àdín ń ṣe ni pé ó ń mú kí ìpẹ́pẹ́ náà lẹ̀, kí ojú ibẹ̀ sì máa dán. Ìyá a rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ó lè wú, kí ó máa ṣọyún, kí ó sì dá àpá tí irun kò ní hù mọ́ títí ayé ọmọ náà.

Oògùn mímu ni ó ń wò ó: griseofulvin tàbí terbinafine. Dókítà ni yóò yan èyí tí ó yẹ, tí yóò sì fi bí ọmọ ti wúwo tó díwọ̀n rẹ̀. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé orí ti mọ́. Bí ó bá jẹ́ griseofulvin, lẹ́yìn oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá ni kí ọmọ lò ó, nígbà náà ni ara yóò gbà á dáadáa.

Ẹ yẹ orí àwọn ọmọ yòókù nínú ilé wò pẹ̀lú. Kí olúkúlùkù ní ìyàrí àti fìlà tirẹ̀, kí ẹ sì rí i pé onígbàjámọ̀ fọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ kí ó tó kan ọmọ yín. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe po kẹrosíìnì mọ́ àdín. Ó ń bó awọ, ó sì ń gbiná.

Ọmọ kò mọ orí ara rẹ̀ í wò. Ojú àgbà ni ó ń bá a wò ó. Àwọn baba wa kúkú wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ máa fi àdín yín pa ara, ẹ máa fi pa irun, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ọdún mẹ́fà yìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí kò bá tíì dá àpá, irun rẹ̀ yóò tún hù.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ara ó le o.