Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Wo Ajá Tó Ti Wà Nílé

Oníbàárà yóò dé, yóò na fóònù sí yín, yóò ní, "Irú ajá tí mo fẹ́ nìyí." Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì wo fọ́tò náà. Ẹ bi í pé ta ló wà nílé. Kì í ṣe ọkọ, aya àti ọmọ nìkan ni mò ń wí. Ajá wo ló ti wà ńlẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé akọ ni àbí abo? Ṣé wọ́n ní ológbò? Ṣé adìyẹ tàbí ewúrẹ́ wà lẹ́yìnkùlé? Púpọ̀ nínú àwọn ajá tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó tà wọ́n, tàbí tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru títí wọ́n á fi ya wèrè, kì í ṣe ajá burúkú. Ilé tí kò bá wọn mu ni wọ́n mú wọn lọ.

Iṣẹ́ wa gan-an ni pé ká bá ẹran ilé wá ẹnìkejì. Oníbàárà ló ni owó, àmọ́ òun kọ́ ni yóò bá ajá tuntun gbé inú ọgbà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ní Èkó, ẹlòmíràn ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò sì ní jẹ́ kó padà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ẹran méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò là wọ́n. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó la ẹnu sọ pé wọ́n á mọwọ́ ara wọn tó bá yá.

Nítorí náà, ẹ lọ sílé ọ̀hún kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró díẹ̀ níta géètì. Bí ajá mìíràn bá ń kọjá lójú títì, kí ni èyí tó wà nínú ọgbà ń ṣe? Òmíràn á gbó lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, á sì padà lọ dùbúlẹ̀. Òmíràn á máa sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa ti imú bọ abẹ́ géètì, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní sinmi títí òórùn ajá yẹn á fi kúrò lójú ọ̀nà. Irú kejì yìí ló pọ̀ nínú àwọn ajá aṣọ́lé wa. Wọ́n rà á ní kékeré, wọ́n ń tì í mọ́ kéèjì lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u sílẹ̀ lóru, kò sì fojú kan ajá mìíràn mọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àfi lábẹ́ géètì. Lójú tirẹ̀, ajá yòówù tó bá dé, olè ni. Àwọn baba wa ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ojúlé kan ṣoṣo tí eléyìí mọ̀ láyé ni ẹ fẹ́ mú àjèjì wọ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde lọ́dún 1965. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ajá ń mọ àwọn tí yóò kà sí ará ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹranko. Ohun tó bá mọ̀ lásìkò yẹn kì í sábà dẹ́rù bà á mọ́. Èyí tí kò bá rí nígbà náà, sùúrù gidi la ó fi kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀la, àwọn mìíràn kò sì ní mọ̀ ọ́n tán láéláé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ibi tí wọ́n gbé tọ́ ọmọ ajá kí n tó béèrè irú rẹ̀. Ọmọ ajá tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí ológbò ti ń rìn kọjá, tí adìyẹ ń ṣa oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀, iyebíye ni fún onílé tó ní ẹran. Bí iye owó rẹ̀ bá ju ti òmíràn lọ, ẹ jẹ́ kí oníbàárà san án. Ẹ má sì gba èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Àárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣeré: tó bá gé èkejì jù, ìyẹn á ké, á sì fi í sílẹ̀, eré parí. Àwọn tí wọ́n já lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5, tí wọ́n ń gbé kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn, kò gba ẹ̀kọ́ yẹn. Àánú wọn máa ń ṣe mí púpọ̀. Síbẹ̀, n kì í mú irú wọn lọ sílé tí àgbà ajá wà.

Ọ̀rọ̀ àgbà ajá yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Oníbàárà tó ní Alsatian ọmọ ọdún 10 á wá bá yín pé òun fẹ́ ọmọ ajá kan, kí kékeré lè kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà kí àgbà tó kú. Èrò náà dára létí. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Alsatian náà bó ṣe ń dìde nílẹ̀. Egungun ìbàdí máa ń dun irú wọn gan-an bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ẹlòmíràn kò sì ní mọ̀, torí ajá kì í ráhùn. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 9 á máa fò mọ́ ọn níbàdí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa gé e létí, á máa gba ibùsùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí àgbà bá gé ọmọ jẹ lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á ní ó ti ya òṣónú, wọ́n á sì lé e sẹ́yìn ilé tó ti ń ṣọ́ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní tèmi, irú ilé bẹ́ẹ̀, ajá tó ti pé ọdún 3 tàbí 4, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ni mo ń wá fún wọn. Bí n kò bá rí i, mo ń ní kí wọ́n lọ tọ́jú ìrora baba yẹn lọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó jẹ ìyókù ayé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Lórí akọ àti abo, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà bá yín jiyàn. Akọ pẹ̀lú abo ló ń rọrùn jù. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ẹran ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ 38 níbi tí ajá inú ilé kan náà ti ń bá ara wọn jà. Nǹkan bí 4 nínú 5 ló jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, àwọn abo ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ajá tó dé kẹ́yìn ló sì sábà ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe onílé. Mo mọ ilé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tí abo Rottweiler méjì ti ń gbé pọ̀ láìsí wàhálà. Ìgbà tí kékeré dàgbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ akọ, ìjà bẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan ń jáde lọ́sàn-án, èkejì ń jáde lóru, wọn kò sì tún gbọdọ̀ fojú kanra. Bákan náà, ẹ má ta tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti inú oyún kan náà fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ajá, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ti ara wọn ni wọ́n máa ń gbọ́, wọn kì í fẹ́ gbọ́ ti olówó wọn.

Bí ẹ bá sì fi akọ sọ́dọ̀ abo, ẹ sọ ti oyún fún onílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni abo ń fẹ́ akọ, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó kọjá, oyún rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63. Bí wọn kò bá fẹ́ ọmọ, kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá tàbí kó yọ ilé ọmọ abo. Wọ́n á sọ fún yín pé ajá tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kì í ṣọ́lé mọ́. Irọ́ ni. Ilé rẹ̀ ló ń ṣọ́, kì í ṣe abo ló ń ṣọ́.

Ti ìtóbi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Boerboel tó dàgbà lè ju kílò 60 lọ, Lhasa Apso kì í sábà tó 9. Kò di ìgbà tí ńlá bá bínú. Tó bá fi ẹnu gbá kékeré mú nínú eré, tó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Ẹ má fojú di ajá ìbílẹ̀ tiwa, èyí tí àwọn kan ń pè ní ekuke. Ààrin àwọn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dàgbà sí, ó mọ ìgbà tó yẹ kó yẹra, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi ojú sílẹ̀. Nínú ilé tí ajá ńlá kan bá ti ń pàṣẹ, mo ti rí i tí irú wọn ń gbé láìsí ìjà níbi tí ajá olówó ńlá kò ti lè gbé.

Ti ológbò àti adìyẹ, ojú ajá ni kí ẹ wò. Ẹ mú un dúró pẹ̀lú okùn níbi tó ti lè rí adìyẹ ní ọ̀nà jínjìn. Èyí tó bá wò ó, tó tún yíjú sí yín nígbà tí ẹ pè é, a lè kọ́ ọ. Èyí tó bá gan, tí etí rẹ̀ dúró, tí kò gbó, tí kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, ọdẹ ni; iṣẹ́ tí wọ́n bí àwọn baba rẹ̀ fún ló fẹ́ ṣe. Ẹ má mú un lọ sílé aládìyẹ. Ológbò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi gíga tí ajá kò lè dé, ibẹ̀ sì ni kí oúnjẹ rẹ̀ wà. Aṣọ tí ajá ti sùn lé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sítòsí rẹ̀, kó gbóòórùn ajá kó tó rí ajá. Òun ni yóò pinnu ọjọ́ tí yóò sọ̀ kalẹ̀.

Kí àwọn ajá méjèèjì tó pàdé, kí tuntun dá wà fún ọjọ́ 14, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Àrùn parvo lè wà lára ọmọ ajá fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí kó yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò rẹ̀ sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ lásán kì í pa á. Omi bílíìṣì ni kí ẹ fi fọ ilẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò fún eégbọn, torí eégbọn ló ń gbé ibà láti ara ajá kan dé ara èkejì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ajá ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gbà títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3, kẹ́ ẹ sì tún un gbà lọ́dọọdún. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, kò sí àwáwí. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé, ẹ má ṣe é nínú ọgbà. Ẹ lọ sí pápá tàbí òpópónà tó dákẹ́, tí kò sí ajá tó ni ín. Èèyàn méjì, okùn méjì, kí okùn má le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn lọ sí apá kan náà, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹ máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kọjú wọn síra. Bí ọ̀kan bá fi àyà kanlẹ̀ tó gbé ìdí sókè, eré ló ń bẹ̀. Bó bá gan, tó pa ẹnu dé, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ẹ yà wọ́n lọ kí ó tó di ariwo. Ìrù tó ń mì kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ nígbà gbogbo. Èyí tó dúró ṣánṣán tó ń gbọ̀n wìrìwìrì, ẹ ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, kí méjèèjì wọlé pọ̀, kí ilẹ̀ sì ti mọ́ lọ́wọ́ egungun, abọ́ oúnjẹ àti bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n jẹun ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí onílé máa fún àgbà lóúnjẹ ṣáájú. Bí àgbà bá kùn mọ́ ọmọ, ẹ kìlọ̀ fún àwọn onílé pé kí wọ́n má nà án. Ajá tí wọ́n bá nà nítorí pé ó kùn, kò ní kùn mọ́. Ọjọ́ mìíràn, á gé e jẹ láìkìlọ̀. Bí ìjà bá bẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ ibi ọrùn. Omi ni kí wọ́n dà lù wọ́n, tàbí kí wọ́n ti pátákó bọ àárín. Kí wọ́n sì má tú méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ lóru títí ẹ ó fi padà lọ wò wọ́n.

Ẹ padà lọ ní òtítọ́. Ẹ pè ní ọjọ́ kẹta, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ tún lọ bí oṣù 3 bá pé, torí ọ̀pọ̀ ajá kì í fi ìwà rẹ̀ hàn kó tó mọ̀ pé òun ti dé ilé. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí oníbàárà kà á kó tó san owó, pé bí ajá náà kò bá bá ẹran ilé gbé, ọ̀dọ̀ yín ló ń padà bọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹni tí yóò pa á jẹ.